Gálà Kọ́ Ni Gálà

Ẹ má pè mí ní olófòófó o. Ògiri ilé tí káńsù kó wa sí ní Peckham yìí ló fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, Ọlọ́run ò sì fi òwú dí mi létí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan tí Ìyá Ìbejì ìsàlẹ̀ ń pariwo sórí fóònù pé, "Táyé ní gálà ní Sátidé, mi ò lè wá síbi òkú yín!" Mo ní háà. Gálà? Ìpanu tí wọ́n ń sáré tà nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ní Ojúẹlẹ́gba? Torí gálà lèèyàn ò ṣe ní lọ síbi òkú ẹbí rẹ̀? Díẹ̀ ló kù kí n sọ̀kalẹ̀ lọ bá a wí, ọpẹ́lọpẹ́ dòdò tó wà lórí iná.

Nígbà tó jinná, mo bu díẹ̀ dání, mo sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Àṣé ìdíje òmùwẹ̀ làwọn òyìnbó ń pè ní gálà. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jẹ dòdò tí mo gbé wá.

Ọmọ ọdún 13 ni Táyé, apá rẹ̀ gùn bí ẹni máa fi ká ọsàn láìgungi. Ìyá wọn ló kọ́kọ́ ń mú òun àti Kẹ́hìndé lọ sí púùlù àdúgbò, torí pé ìyá fúnra rẹ̀ bẹ̀rù omi. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti bí i? Ẹ̀pẹ́! Ọmọ etí ọ̀sà tí kò mọ ìwẹ̀. Èmi ará Ìkìrun, èmi ní àwáwí.

Kẹ́hìndé ti jáwọ́ ní tirẹ̀. Irun ló fà á. Ó di irun tó dé ìbàdí, fìlà òmùwẹ̀ wọn kò sì gbà á. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Àwọn kan tó ń jẹ́ Soul Cap ṣe fìlà ńlá fún onírun bíi tiwa, àmọ́ ní 2021 FINA, àjọ òmùwẹ̀ àgbáyé, kọ̀ ọ́ fún Òlíḿpíìkì Tokyo, wọ́n ní kò bá bí orí ṣe rí mu. Orí ta ni? Ní 2022 wọ́n yí ohùn padà, wọ́n gbà á. Ní Tokyo yẹn náà ni Alice Dearing ti di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wẹ̀ fún Britain ní Òlíḿpíìkì, kìlómítà 10 gbáko nínú omi gbangba. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Kẹ́hìndé. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì Àgbà," ó sì tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀.

Kí ni mò ń sọ bọ̀? Ẹn-ẹ́n, Táyé. Ó ti ń fi ìṣẹ́jú kan àti àáyá kan wẹ mítà 100. Ẹgbẹ́ àdúgbò kò ká a mọ́: ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ń wẹ̀ lọ́sẹ̀, òun ló ń ṣíwájú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ń lé e. Kóòṣì wọn, olùkọ́ ilé ìwé tó ń fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀fẹ́, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n wá ibòmíràn fún un. Ọmọlúàbí. Ẹlòmíràn á há ọmọ náà mọ́wọ́ nítorí kí ẹgbẹ́ tirẹ̀ lè máa gba ife.

Ibẹ̀ ni ìjà ti dé. Bàbá Ìbejì ní ẹgbẹ́ ńlá kan lójú, tó jẹ́ pé ògiri àbáwọlé wọn kún fún orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà wúrà kọ. Ó ti fọkàn sí i pé ti Táyé á wà níbẹ̀. Ó ní ṣebí ọmọ ọdún 17 ni Abiola Ogunbanwo nígbà tó wẹ̀ fún Nàìjíríà ní Tokyo, tó sì wẹ mítà 100 láìpé ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni pé bí àáyá méjì báyìí ló kù fún Táyé. Àáyá méjì péré! Ẹni tí kò lúwẹ̀ẹ́ rí ló ń sọ péré. Nínú omi, àáyá méjì jìn ju Peckham sí Ìkẹjà lọ.

Ó tún mú ìtàn Adam Peaty wá, ẹni tó gba wúrà ní Rio ní 2016 tó tún gbà á ní Tokyo. Ẹgbẹ́ kékeré ìlú rẹ̀ ni ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 14 ló kọjá sí Derby, ìyá rẹ̀ a sì máa jí láago mẹ́rin òru wà á lọ. Ìyá Ìbejì ní, "Ìyá tiwọn ni ẹ ń sọ, ó ní mọ́tò. Èmi ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́ láago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa bọ́ọ̀sì, mẹ́rin ààbọ̀ lẹ ti ń jáde. Ta ló máa gbé e lọ, Kẹ́hìndé?" Bàbá Ìbejì wúkọ́. Èmi sọ tèmi pé ọ̀dọ̀ Mel Marshall ni Peaty lọ, kóòṣì ni ó lọ bá, kì í ṣe ògiri.

Ni Ìyá Ìbejì bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì Àgbà, ẹ bá mi lọ wo ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò." Ẹ gbọ́! Ohun tí wọ́n fi ń bú mi nínú ilé yìí ti di iṣẹ́.

A lọ. Òkè tí àwọn ìyá ń jókòó sí gbóná bí inú ààrò, òórùn kílórììnì ń ta wá nímú. Mo ṣí fúláàsì tíì mi, mo gbé ṣinṣín kalẹ̀. Ìyá òyìnbó kan mú ọ̀kan, ó mú méjì. Nígbà tó na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo kọ́kọ́ ka orí. Lẹ́nì mẹ́fà, ọmọ mẹ́sàn-án mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí ẹni ẹ̀yìn ń lu ẹsẹ̀ ẹni iwájú. Kóòṣì dúró síbi pátákó, ó ń pe mítà bí ẹni ń ka àpò gààrí: 4,000, 5,000. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo fi wò ó, kò lóṣòó létí omi lẹ́ẹ̀kan. Mo bá bi ọ̀rẹ́ mi oníṣinṣín pé àwọn ọmọbìnrin tó ti lé ní ọdún 15 dà? Méjì péré ni mo rí. Orúkọ wọn kún ara ògiri, àwọn fúnra wọn ò sí nínú omi.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fà mọ́ mi. Ó ní èjìká ló mú ọ̀kan kúrò. Òmíràn ní òun ò fẹ́ rí omi mọ́ láyé. Ẹ̀kẹta ni ara obìnrin dé bá, tí aago rẹ̀ dúró sójú kan, kóòṣì kàn tì í sí lẹ́nì àwọn tó ń falẹ̀ láìbá a sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọmọbìnrin tó yára ní 12, 13, ara rẹ̀ ṣì ń yí padà: ìbàdí á fẹ̀, nǹkan oṣù á dé, ó sì lè tó ọdún kan tí kò ní yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kóòṣì tó mọṣẹ́ á ti sọ fún ìyá àti ọmọ kó tó ṣẹlẹ̀, kí ọmọ má bàa rò pé òun ti bàjẹ́. Mo tún béèrè ẹni tó ń rí sí ààbò ọmọ, torí Swim England ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo ẹgbẹ́ abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kan. Ìyá mẹ́ta wo ara wọn lójú.

Orúkọ ẹgbẹ́ yẹn kò ní tẹnu mi jáde. Olófòófó ni mí, èmi kì í ṣe abanijẹ́. Ẹ wá wò ó, ẹ ti jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ẹ̀gbẹ́ kan lọ̀rọ̀ yìí wà, àmọ́ kó má bàa bọ́ lórí mi: Bàbá Ìbejì binú, ó gbé Táyé lọ sí púùlù Stratford, èyí tí Zaha Hadid yàwòrán rẹ̀ fún Òlíḿpíìkì 2012, kó lè fi hàn wá pé ọmọ òun ti tó. Ó fi fóònù wọn aago, ó bá ìṣẹ́jú kan àti àáyá mẹ́rin. Ó gbọn fóònù. Ó ní ó ti bàjẹ́. Fóònù kò bàjẹ́ o! Púùlù mítà 25 ni Táyé ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń yí nínú mítà 100, ògiri sì ń fún un ní ìtìsíwájú nígbà gbogbo. Mítà 50 ni ti Stratford, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń yí, apá rẹ ló kù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi gbogbo ẹgbẹ́ pé ṣé wọ́n ń mú ọmọ dé omi gígùn rí?

Ẹgbẹ́ mìíràn tí a lọ wò, bọ́ọ̀sì méjì ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Púùlù àtijọ́ ni, táìlì ti ń ṣí. Wọ́n ní kí Táyé wá wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsanwó. Obìnrin ni kóòṣì, ó ń fi orúkọ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́fà ló wà nínú lẹ́nì. Nígbà tí Táyé fẹ́ yí, ó gbé orí sókè kó tó kan ògiri, bí adìyẹ tó ń mumi. Obìnrin náà dá a dúró. Ó lóṣòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ṣe ògiri, ó fi ìkúùkù kejì ṣe orí, ó sì ká a wọlé ní pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Táyé ṣe é tí kò dáa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ lu ògiri gbà, ó wọ abẹ́ omi lọ, ibi tó ti yọ jìnnà débi pé Ìyá Ìbejì dìde dúró.

Nínú bọ́ọ̀sì, Táyé fa ojú ro. Ó ní obìnrin náà kò tiẹ̀ sọ pé òun yára. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mo ti ka àwọn àgbà ọmọbìnrin ibẹ̀: mẹ́rin ni, 16, 17. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lẹ́yìn ìdánwò GCSE. Ó ní kóòṣì ló dín ìwẹ̀ òun kù kí òun lè kàwé. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn mọ́. Bàbá Ìbejì ní kò sí orúkọ lára ògiri wọn. Àwọn òbí ló máa ń bá wọn wọn aago lọ́jọ́ gálà, wọ́n bá gbé aago kan lé e lọ́wọ́, wọ́n wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù funfun. Láti ìgbà náà, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ògiri lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹ̀wù funfun yẹn ti gùn ún débi pé ìkíni gan-an ti di wàhálà fún un.

Ibẹ̀ la fi Táyé sí. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n ń wẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ ìdájí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago márùn-ún ààbọ̀. Ọjọ́ kan yẹn ló kù tí a ò tíì rí ojútùú rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá ń wa mọ́tò gba ọ̀nà Lewisham ní ìdájí ọjọ́ náà, kó jọ̀ọ́ kó wá kan ilẹ̀kùn mi ní àjà kejì. Èmi ni màá bá ọmọ náà wá. Owó epo wà, ṣinṣín wà, ọ̀rọ̀ sì wà tí a máa sọ lọ.