Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ná

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Oǹdó Ẹ̀kìmògún tó fi Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ ṣelé,

Mo gbọ́ pé abẹ́rẹ́ testosterone, èròjà ọkùnrin tí kórópọ̀n ń ṣe, lẹ ń wá kiri báyìí. Ìyàwó wa kọ́ ló tú àṣírí o. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ níbi òkú àgbà ní Oǹdó, nígbà tí ìgò ti pọ̀ nílẹ̀. Ẹ ní ara kì í béèrè obìnrin mọ́, ẹ ti mu gbogbo àgbo mánpáwà tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó, pàbó ló já sí.

Ẹ ò dá wà. Ní 1889, Brown-Séquard, ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣègùn ẹni ọdún 72 ní Paris, gún ara rẹ̀ ní omi tó fún láti inú kórópọ̀n ajá, ó ní òun ti di ọ̀dọ́ padà. Ìgbàgbọ́ ló ṣiṣẹ́, omi yẹn ò ní testosterone tó tó nǹkan nínú. Àwọn tó ń ta oògùn ale nínú ọkọ̀ ní bàbá ńlá nílùú òyìnbó! Ó di 1935 kí wọ́n tó rí ojúlówó testosterone.

Ojúlówó yẹn wúlò fẹ́ni tí tirẹ̀ bá lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2016, lórí 790 bàbá tó tó ẹni ọdún 65 sókè, fi hàn pé ó ń ta ìfẹ́ jí, àmọ́ níwọ̀nba. Ẹ̀jẹ̀ àárọ̀, kí aago mẹ́wàá tó lù, lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó nílò rẹ̀.

Ẹ̀yin kan náà lẹ ṣì ń wá ọmọkùnrin! Abẹ́rẹ́ yìí lè dí i lọ́nà. Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí kórópọ̀n pé kó ṣiṣẹ́. Bí testosterone bá ń gba ìta wọlé, ọpọlọ á ní ó ti tó, kò ní ránṣẹ́ mọ́, kórópọ̀n á sì jókòó bí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká tí ọ̀gá rẹ̀ ò sí nílé. Àtọ̀ á máa jáde, ọmọ lè má sí nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ dán abẹ́rẹ́ yìí wò gẹ́gẹ́ bí ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin. Èsì rẹ̀ jáde ní 1990. Tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, ó sábà máa ń padà, àmọ́ ó lè gba oṣù púpọ̀.

Ikùn yín ńkọ́? Iyán òru, ọtí, híhanrun tó ń jí aládùúgbò, gbèsè owó ilé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé ẹ ti yẹ ṣúgà ara yín wò rí? Púpọ̀ nínú wọn lè dín ìfẹ́ ọkùnrin kù.

Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, UNIMED, wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Oǹdó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ọ̀kan, kẹ́ ẹ tètè jí lọ, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò fún dókítà, títí kan ti inú ọkọ̀.

Àbúrò yín ni.