Ọjà Orúnkún
Nínú líìgì NFL ti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ lè fi ẹ̀tọ́ àtimú agbábọ́ọ̀lù tuntun ra ẹni tó ti fara pa. Ewu ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ tòkunbọ̀: ẹni tó ń tà á ló mọ ohun tó ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ní 2015, Philadelphia Eagles kó agbábọ́ọ̀lù wọn, Nick Foles, àti ẹ̀tọ́ ìpele kejì ti 2016, pẹ̀lú ènì, sílẹ̀ láti gba agbábọ́ọ̀lù Sam Bradford, tí iṣan orúnkún òsì rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mejì. Orúnkún ẹlòmíràn ló gba Eagles là: nígbà tí ti Teddy Bridgewater, agbábọ́ọ̀lù Minnesota Vikings, bàjẹ́ ní 2016, ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú ìdààmú, fi ẹ̀tọ́ ìpele kìíní gba Bradford lọ́wọ́ wọn. Foles padà sí Philadelphia, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ Super Bowl fún wọn ní oṣù Èrèlé 2018. Nígbà náà, Bradford wà ní Minnesota, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu.