Ìyá Fáólíìnì

Ẹ kò ní í pẹ́ dá a mọ̀. Òun lẹ ó rí tó gbé àpótí fáólíìnì kọ́ èjìká létí títì Oníkàn, tó ń fi ọwọ́ kejì dá ọkọ̀ dúró, tí ọmọ tó ni fáólíìnì ń bọ̀ lẹ́yìn tòun ti bísíkíìtì lọ́wọ́. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú ìrìn, á ní, "Ẹ ṣé o, Gíréèdì Tíríì ló wà báyìí." Ẹ kò béèrè. Kò sẹ́ni tó béèrè.

Ìparí oṣù Keje, tí ilé-ìwé bá ti padé, ni àsìkò rẹ̀. Sọ́mà ni àwa òbí Èkó ń pe àsìkò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ló ń rọ̀, tí àgbàrá ti gba títì, tí àwọn ọmọ ń wọ súwẹ́tà lọ sí sọ́mà. Ní àdúgbò wa, ọmọ ẹnì kan ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ti ẹlòmíì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ti ẹlòmíì wà ní ìsọ̀ télọ̀. Ìyá Fáólíìnì a wo gbogbo wọn, á yínmú. "Kọ̀ǹpútà ti di ti gbogbo ayé," ló sọ fún mi. "Fáólíìnì ló kù."

Nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni èmi náà ṣe dé ilé-ẹ̀kọ́ orin tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ní sọ́mà. Wọ́n ní kí n máa mú un lọ kí n sì máa mú un bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orí bẹ́ńṣì àwọn òbí ni mo ti ka Ìyá Fáólíìnì bí ìwé.

Fáólíìnì ní sáìsì bíi bàtà. Kọ́tà wà, háàfù wà, tíríkọ́tà wà, kó tó wá kan fúùlù tí àgbàlagbà ń lò, gígùn apá ọmọ ni wọ́n sì fi ń mọ èyí tó bá a mu. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ti Ìyá Fáólíìnì. Fúùlù ló rà. "Á dàgbà bá a," ló ní, bó ṣe máa ń wí náà nìyẹn tó bá ń ra bàtà ilé-ìwé. Ọmọ wá na apá títí bí ẹni tó ń dá dáńfó dúró ní Ojúẹlẹ́gbà, síbẹ̀ ìka rẹ̀ kò dé ibi tó yẹ kó tẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má bínú mà, ó tóbi jù ú lọ," ni olùkọ́ wí, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà tútù tí gbogbo wa ń pè ní Ọ́ńkù.

"Ẹ jẹ́ kó máa nà án, Ọ́ńkù. Apá a máa gùn."

Ilé-ẹ̀kọ́ ló yá ọmọ ní háàfù. Fúùlù padà sílé, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n kí àlejò lè máa rí i.

Ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ́ okùn tún wá ju ìyẹn lọ. Ìrù ẹṣin ni wọ́n ta sí i, irun yìí kò sì lè fọhùn lórí okùn àfi tí wọ́n bá fi rósíìnì kùn ún, oje igi tó ti gan, tó máa jẹ́ kó lè di okùn mú. Ìyá Fáólíìnì rí ìyẹ̀fun funfun lára rẹ̀, ó ní ìdọ̀tí ni. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó wá fi òróró àgbọn pa á kó lè máa dán. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọmọ wọ́ ọ̀pá lọ, ó wọ́ ọ bọ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀pá ń yọ̀ lórí okùn bí ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ ọmọdé.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, eré ni. Ọjọ́ tí wọ́n pín ẹgbẹ́ ni ogun dé. Láàárọ̀, gbogbo àwọn ọmọ a jọ ṣeré bí ọkẹ́sírà, fáólíìnì lọ jàra, fíólà díẹ̀, ṣẹ́lò, àti bàbá gbogbo wọn, dọ́bù-béèsì. Tó bá wá di ọ̀sán, wọ́n á pín àwọn kan sí mẹ́rin-mẹ́rin, kọ́tẹ̀ẹ̀tì nìyẹn: fáólíìnì méjì, fíólà kan, ṣẹ́lò kan. Kò sí adarí kankan tó ń ju ọwọ́ níwájú wọn. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ta, òun nìkan ló ń ta á, tó bá ti dákẹ́, ihò ti là sínú orin. Wọ́n á máa wojú ara wọn, wọ́n á jọ mí sínú pọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, mímí yìí gan-an lowó tí à ń san.

Wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Ìyá Fáólíìnì wò ó, ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. Sẹ́kọ́ńdì Fáólíìnì.

"Sẹ́kọ́ńdì? Ta ló gba fáàsì?"

Ọ́ńkù ní kì í ṣe ipò mà, iṣẹ́ ni. Ó ní fáàsì ló sábà máa ń gbé orin, sẹ́kọ́ńdì á máa tì í lẹ́yìn, òun náà á sì gbé e nígbà míì. Nígbà tí kò wọlé, ó bá ti ìdí ìlù dùndún yọ. "Mọ́mì, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí gúdúgúdú bá dákẹ́, ta ló máa rí ijó jó?"

Ìyá Fáólíìnì wò ó látòkè délẹ̀. "Gúdúgúdú lẹ pe ọmọ mi?"

Ibẹ̀ ni Ọ́ńkù ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó ní bóyá ọmọ náà á fẹ́ gbìyànjú fíólà, torí pé àwọn tó ń ta á kò pọ̀. Kò bá má sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Fáólíìnì gbé fóònù dé. Ó ti ka nípa Meadowmount, ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi tí Ivan Galamian dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní 1944, níbi tí Itzhak Perlman àti Yo-Yo Ma ti gba ẹ̀kọ́ ní kékeré. "Ṣé sẹ́kọ́ńdì ni wọ́n fi Perlman sí níbẹ̀?" Ọ́ńkù rọra dá a lóhùn pé níbẹ̀ náà, àgbà olùkọ́ kan wà, Josef Gingold, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣeré ní kọ́tẹ̀ẹ̀tì. Ìyá Fáólíìnì ti fóònù pa.

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pín ìwé orin. Ẹnì kan ní ti Fela wà níbẹ̀.

"Fela kẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́jọ?"

Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó là á yé e pé Fela Ṣówándé ni, èyí tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, tó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn ní 1944, ọdún kan náà tí Galamian dá Meadowmount rẹ̀ sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ dé ìdajì. Ìdajì tó kù fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi gbowó lọ́wọ́ òun tí wọn kò sì kọ́ ọmọ òun ní Mozart.

Eré àṣekágbá dé. Ó ti dá aṣọ: àǹkárá kan náà fún òun, ọkọ rẹ̀ àti bàbá rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá yìí, sákárà Yusuf Ọlátúnjí, tí wọ́n ń ta gòjé sí, ló fi gbádùn ìgbà èwe rẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́ títí àwọn mẹ́rin fi gbé ọ̀pá lé okùn. Ojú bàbá là.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Gòjé nìyí!"

"Bàbá, ẹ rọra. Fáólíìnì ni."

"Kí ló wá yàtọ̀? Ìrù ẹṣin náà ni. Okùn tiyín kàn jẹ́ mẹ́rin ni, ti gòjé jẹ́ ẹyọ kan."

Bàbá kò purọ́.

Ìyá Fáólíìnì ti dìde dúró pẹ̀lú fóònù, àwa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wo gèlè. Láàárín orin, ọmọ tó ń ta fáàsì ṣìnà. Mo rí i láti ẹ̀gbẹ́ gèlè: ọ̀pá rẹ̀ dúró, ojú rẹ̀ ń sáré kiri lórí ìwé. Sẹ́kọ́ńdì kò dúró ní tirẹ̀. Ó ń ta á lọ, ó gbójú sókè, ó mi orí sí ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni ń sọ pé ibi tá a dé rèé, fáàsì sì bọ́ padà sínú orin. Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Ọ́ńkù tó fara ti ògiri fi ọwọ́ nu ojú, bóyá òógùn ni. Ìyá Fáólíìnì kò rí i. Fóònù rẹ̀ ti kún, ó ń pa fídíò ìgbéyàwó ẹnì kan rẹ́ kí àyè lè wà.

Ó ti sanwó ọdún tó ń bọ̀. Àbúrò ló kàn, ọmọ ọdún márùn-ún, ṣẹ́lò ló sì máa kọ́. Mo bi í pé èé ṣe tó fi jẹ́ ṣẹ́lò. Ó ní òun ti wádìí rẹ̀ dáadáa: ṣẹ́lò kan ṣoṣo ló wà nínú kọ́tẹ̀ẹ̀tì, kò sí sẹ́kọ́ńdì níbẹ̀.

Ó ti ra ṣẹ́lò ọ̀hún. Fúùlù ni. Ó ga ju ọmọ náà lọ.