Tanpẹ́pẹ́ Kì í Mọ Ọmọ Onílùú

Bí ènìyàn bá ń wá ẹ̀tẹ́ tí kò ní ná an lówó púpọ̀, kó lọ pe ara rẹ̀ ní afinimọ̀nà ní ìlú ìyá rẹ̀. Ọmọ Ìlọrà ní Afijió ni ìyá mi, Ìbàdàn ni wọ́n bí èmi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń jẹ tí mo ti ń mu dòní. Ohun tí mo mọ̀ nípa Afijió kò ju ohun tí a lè rí látojú fèrèsé mọ́tò lọ: ọsàn tí wọ́n tò jọ gègèrè sẹ́bàá títì ní Fìdítì, àwọn ìyá tí ń gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó sáré tẹ̀lé mọ́tò, àti òkú àgbà tí a máa ń lọ sin ní Ìlọrà, tí a ó jẹun tán tí a ó sì fò sọ́kọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, èmi ni ọmọ Afijió. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ̀rọ̀ Dubai, mo fọwọ́ sọ̀yà pé kí wọ́n ya Sátidé kan sọ́tọ̀ fún mi, n ó fi ìgbafẹ́ hàn wọ́n lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ níbí.

Ètò náà dùn létí. A ó wọ mọ́tò dé Fìdítì, a ó wọ oko ọsàn, a ó jẹ àjẹyó, lẹ́yìn náà a ó fẹsẹ̀ rìn gba Jọ́bẹ̀lẹ̀ àti Akínmọ̀ọ́rìn dé Ìlọrà. Àwọn tó tẹ̀lé mi ni ọ̀gá wa obìnrin kan, akọ̀wé wa tí kì í sọ̀rọ̀, àti àbúrò ìyàwó mi, ọmọ Èkó pọ́ńbélé. Mo wọ ṣòkòtò funfun tó fẹ̀ lẹ́sẹ̀ dáadáa, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà káńfáàsì tuntun, kí ìmúra mi lè bá ipò mi mu.

Oṣù karùn-ún la lọ. Ẹni tó bá mọ oko ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ọsàn ní àkókò tirẹ̀: ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ títí wọ inú ọyẹ́ ni ẹrù rẹ̀ ń kún títì. Tí oṣù karùn-ún bá dé, máńgòrò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló kù tí ń jayé. Bẹ́ẹ̀, mo ti sọ fún wọn ní ọ́fíìsì pé ọsàn yóò máa já lù wọ́n lórí ni.

A bá bàbá olóko kan nídìí iṣẹ́, àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kí i tìyàyà pé, “Ẹ kú ọjà, sà!” Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Ọjà wo, ọmọ mi?” Akọ̀wé wa, tí kò tíì la ẹnu láti Ìbàdàn, ló wá dọ̀bálẹ̀: “Àrokobọ́dúndé o, Bàbá.” Ojú Bàbá tú ká. Láti ìgbà náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Akọ̀wé ló ń rán sí mi, èmi tí mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn: “Sọ fún ọ̀gá rẹ kó má tẹ ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó yẹn o, ayùn wà létí ẹ̀.” Mo ti tẹ̀ ẹ́.

Ọsàn mélòó kan ṣẹ́kù sí téńté orí igi àgbà kan. Bàbá ní ká mú sùúrù, òun ń bọ̀. Ọ̀gá wa obìnrin ti ń wo aago. Mo rò ó pé ọmọ onílùú kì í dúró de kí àlejò bínú, mo bọ́ bàtà, mo gungi.

Pé igi ọsàn ní ẹ̀gún, mo mọ̀ ọ́n. Tanpẹ́pẹ́ ni mo gbàgbé. Tanpẹ́pẹ́ kì í kánjú. Ó máa ń jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ wọlé, kó fìdí kalẹ̀. Ọ̀kan rìn lọ́rùn ẹsẹ̀ mi, mo gbọ̀n ọ́n dànù. Òmíràn ti dé orúnkún. Ẹ má gbàgbé pé ṣòkòtò ọ̀hún fẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà là gbàà. Nígbà tí mo fi máa na ọwọ́ mú ọsàn kan, ó dà bí ẹni pé olórí wọn pàṣẹ, gbogbo wọn sì bù mí jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tí ọmọlúwàbí kì í dárúkọ. Mo pe Jésù, mo pe ìyá mi, mo fi igi sílẹ̀. Ẹ̀gún kò fi ṣòkòtò sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ó gbá a mú nídìí, ó sì fà á ya dé orúnkún.

Mo bọ́ sórí koríko, mo dìde, mo ń jó ijó tí kò ní onílù. Ìgbà náà ni Bàbá dé. Ó gbé gọ̀ǹgọ̀ lé èjìká, ọ̀pá gígùn tó ní ìwọ̀ lórí. Òun ló lọ mú tó fi ní ká ní sùúrù. Ó fi já àwọn ọsàn náà bọ́ láìkúrò lójú kan. Ó kọjú sí akọ̀wé: “Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ohun tí ọwọ́ kò bá tó, gọ̀ǹgọ̀ là ń fi fà á.” A bó ọsàn náà, a là á sẹ́nu. Ó kan.

Ìyàwó Bàbá ló ṣàánú mi, ó yá mi ní ìró àǹkárá kan, aláwọ̀ òféfèé, tó ní àwòrán àkùkọ lára. Mo ró o mọ́ ìdí, ìrìn sì yá.

Ẹ jẹ́ kí n má fi ìrìn náà dá yín lágara. Ọ̀nà tí mọ́tò ń fi wéré jẹ tán, ẹsẹ̀ kì í jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Oòrùn mú. Bàtà ń bó ọ̀gá wa lẹ́sẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ń tẹ fóònù, ó ń wò ó bóyá Uber lè wá gbé wa ní Afijió. Ọ̀kadà la gùn parí ìrìn ẹsẹ̀ náà, àkùkọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi.

Ní Ìlọrà, mo ní kí n fi ìmọ̀ gba ara mi sílẹ̀. Mo mú wọn lọ sí àgọ́ àwọn àgbẹ̀, ìyẹn Fáàmù Sẹ́tìmẹ́ǹtì, mo nawọ́ sí àwọn ilé ibẹ̀, mo ní òyìnbó amúnisìn ló kọ́ wọn fún àwọn ṣọ́jà tó ti ogun Hitler dé. Bàbá arúgbó kan tó jókòó nítòsí ní, “Ṣọ́jà wo?” Ó ní kí n jókòó, mo jókòó. Ó ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 1959, Akin Deko sì wà lára àwọn tó ṣe é, òun tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà. Wọ́n ti rí bí àwọn ará Ísírẹ́lì ṣe ń dáko ní abúlé alájùmọ̀ṣe. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ti ń mú ọmọ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹpẹtẹ, iṣẹ́ ìjọba kò sì lè kárí wọn. Ni wọ́n bá ní kí àwọn fún àwọn ọ̀dọ́ nílẹ̀, nílé, àti owó àyálò, kí wọ́n máa fi èrè oko san án díẹ̀díẹ̀. “Ọ̀pọ̀ wọn ò dúró,” Bàbá wí, “wọ́n sá lọ sí ìlú ńlá.” Ó wo ìró mi láti òkè délẹ̀. “Ibo lo ní o ń gbé?”

Mo ní Ìbàdàn.

Ó kù kí n mú wọn lọ mu omi tútù nílé ìyá mi. Mo ń wá ilé kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, àṣé wọ́n ti kùn ún ní òmíràn. Ìyá ẹlẹ́kọ kan bi mí pé, “Ọmọ agbo ilé wo ni yín?” Mo ní ilé Ìyá Bísí. Ó ní Ìyá Bísí pọ̀ ládùúgbò yìí ju ẹ̀kọ tó wà nínú igbá òun lọ, kí ni orúkọ agbo ilé? Mi ò mọ̀ ọ́n. Ará ilé kì í béèrè orúkọ agbo ilé lọ́jọ́ òkú, ọkọ̀ ló ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo pe ìyá mi lórí fóònù níwájú gbogbo èèyàn. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni ẹni tó kú.

Ẹni tó bá gbọ́n ì bá ti fi ìgbafẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹjọ pé, mo tún kó wọn jọ, ó di ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé àṣà àjogúnbá gbogbo ayé ní 2023. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ṣèwádìí. Mo mọ̀ pé Ṣàngó jẹ Aláàfin rí. Mo mọ̀ pé bàtá ni ìlù rẹ̀, mo sì mọ̀ pé aṣọ pupa ni àwọn olùsìn rẹ̀ ń wọ̀. Mo bá dá búbá àti ṣòkòtò pupa, èyí tó fún lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó wọ pupa láti òkè délẹ̀ tó tún ń mi orí sí bàtá, kí ni kí onílù rò ó sí? Wọ́n yí mi ká. Ìlù ń pe ẹsẹ̀ ọ̀tún, èmi ń gbé òsì. Wọ́n ń gé e kíákíá, èjìká mi kò bá wọn dé ibẹ̀. Gbogbo owó tó wà lápò mi ni mo fi ra ọ̀nà jáde, tí mo fi sún mọ́ ìyá olóòṣà kan tó ń wò wá. Mo kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ni mí, ìdọ̀bálẹ̀ ló tọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé obì àbàtà ńlá kan fún un.

“Ta lo gbé e wá fún, ọmọ mi?”

“Bàbá wa Ṣàngó ni, mà.”

Màmá kò bínú rárá. Ó ní, “Orógbó ni Ṣàngó ń gbà. Gbé e dání, kí o máa jẹ ẹ́ bọ̀ lọ́nà, kí oorun má baà kùn ẹni tó ń wakọ̀ yín.” A jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Akọ̀wé ló ń ṣètò ìrìn wa báyìí, kò sì tíì sí ẹni tó ṣubú. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jẹ ọsàn Fìdítì, ẹ dúró di oṣù kọkànlá, kí ẹ so ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín, kí ẹ sì jẹ́ kí olóko mú gọ̀ǹgọ̀ dé. Ẹ béèrè orúkọ agbo ilé yín lọ́wọ́ ìyá yín nígbà tó ṣì wà láyé. Tí ẹ bá sì ń lọ síbi ọdún Ṣàngó, ẹ kọ́kọ́ yà sí ọjà Akẹ̀sán tó wà níwájú ààfin, èyí tí iná jó ní oṣù kìíní 2020 tí ìjọba tún un kọ́, kí ẹ ra orógbó.