Ara Ẹ̀fọ́ Ló Wà

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bí Yorùbá ìsinsìnyí bá pa òwe yìí, ẹ má retí pé ẹ̀fọ́ ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kòkòrò. Ìyá ọkọ ló ń bá wí, tàbí àbúrò bàbá tó wá kí wọn lọ́dún, tó jẹun tán, tó wá ń wo ọmọ jù. A ti di ọ̀gá nínú ká máa fi òwe yìí wá ọ̀tá ilé débi pé ẹni tó lè dárúkọ àjẹ́ mẹ́ta nínú ẹbí rẹ̀ kò lè sọ ibi tí aáyán ilé ìdáná rẹ̀ ń sùn sí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ẹyọ kan lọ: ká dá òwe náà padà fún kòkòrò tó ni ín.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Aáyán kan sáré kọjá, a ra oògùn, a fín gbogbo yàrá, a jókòó síta títí òórùn fi lọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè irú aáyán tó jẹ́. Èyí tó tóbi, tó pupa, inú gọ́tà àti sọkawé ló sábà ti ń gòkè wá, ojú ihò páìpù sì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. (Òyìnbó ń pè é ní aáyán Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé Áfíríkà níbí ló ti lọ, a ò tiẹ̀ rí àlejò dá lẹ́bi.) Èyí tó kéré bí èékánná, tó ní ilà dúdú méjì lẹ́yìn ọrùn, ọmọ ilé ni: ẹ̀yìn fíríìjì, abẹ́ sítóòfù, ibi tí ooru àti omi bá wà. Abo rẹ̀ a máa gbé àpò ẹyin kiri títí yóò fi kù díẹ̀ kí ẹyin pa, ẹyin 30 sí 40 sì lè wà nínú àpò kan. Oògùn tí a fín pa ìyá, kò wọ inú àpò. Ti ìdun tún burú jù. Àárín yàrá là ń fín, nígbà tí ìdun wà lójú rírán fóòmù àti nínú ihò ìṣó bẹ́ẹ̀dì, níbi tó ti fi ìgbẹ́ dúdú wínníwínní ṣe àdírẹ́sì sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun. Kí ọdún 1950 tó pé ni wọ́n ti rí ìdun tí oògùn DDT kò ràn mọ́, nítorí èyí tí oògùn kò bá pa ló ń bímọ.

Àmọ́ orí ẹ̀wà ni òwe náà ti bọ́ sí i jù. Ara hóró ẹ̀wà ni abo kòkòrò rẹ̀ ń lẹ ẹyin mọ́. Ọmọ á gbẹ́ inú hóró, á jẹun níbẹ̀, á dàgbà níbẹ̀, kó tó lu ihò roboto jáde. Kí ni àwọn kan ń ṣe sí i? Wọ́n ń da dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, lé ẹ̀wà nínú àpò. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ ilẹ̀ Nàìjíríà nítorí oògùn yìí tí wọ́n bá lára rẹ̀. Lọ́dún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de ìgò rẹ̀ kékeré, ti mílílítà 100 wálẹ̀. Òyìnbó kọ ẹ̀wà náà. Àwa jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa, tí a rọ kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, tí a dé pinpin, afẹ́fẹ́ ni yóò tán mọ́ kòkòrò inú rẹ̀, yóò sì kú láìsí májèlé.

Wọ́n á ní oògùn yá ju ìwádìí lọ. Ó yá lóòótọ́. Ẹni tó ń ka òkú aáyán láàárọ̀ kàn gbàgbé láti ka ààyè lẹ́yìn oṣù kan ni. Èmi ò sì ní ká má lo oògùn rárá: èyí tí aáyán ń jẹ, tó ń gbé lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ihò, ó mọ ilé tó ń lọ ju èyí tí a fín sójú òfuurufú lọ. Àtakò tó lágbára ni ti ayálégbé. Yàrá mẹ́wàá, ilé ìdáná kan. O dí ihò tìrẹ, ti aládùúgbò ṣí sílẹ̀. Èsì tí mo ní sí èyí kò dùn: ilé tí kò bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, aáyán kàn ń ṣí láti yàrá kan sí èkejì ni. Ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé tó ń dáwó epo jẹnẹrétọ̀ lè dáwó tún páìpù tó ń jò ṣe, kí wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó ilé tí onílé bá ń sùn.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, kí ẹ tó fura sí ìyá ọkọ yín, ẹ pa iná ilé ìdáná. Ẹ dúró fún wákàtí kan. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì lójijì, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n sá wọ̀.