Iṣẹ́ Ni Mo Rà Á Fún

Kò sí ìlú yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ Coventry, Leicester tàbí Middlesbrough, tí ẹ kò ní bá ọmọ Nàìjíríà yìí. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé e wọlé, ọdún kan ni kọ́ọ̀sì rẹ̀, yàrá kan ló háyà nínú ilé tí gbogbo wọn ti jọ ń du sítóòfù kan, ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ tí kò tíì san. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti wà níta. Kì í ṣe Toyota Yaris, kì í ṣe Vauxhall Corsa. Bẹ́ńsì ni tàbí BMW, dúdú, èyí tó ń mu dísù, tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, tó sì ti rin ju 100,000 máìlì lọ kó tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ẹ bá bi í pé kí ló fẹ́ fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, kì í ronú kó tó dáhùn: "Iṣẹ́ ni mo rà á fún."

Ẹ jẹ́ ká yẹ iṣẹ́ náà wò. Físà rẹ̀ kò gbà á láyè ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, òfin sọ owó wákàtí kan tó kéré jù lọ fún ẹni tó ti pé ọdún 21 di pọ́n-ùn 12.21. Ìyẹn kò pé pọ́n-ùn 245 lọ́sẹ̀, kó tó san owó ilé, kó tó jẹun, kó tó rántí gbèsè ilé-ẹ̀kọ́. Nínú rẹ̀ náà ni owó epo wà, owó-orí ọkọ̀, àyẹ̀wò MOT tó di dandan lọ́dọọdún fún ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta, àti ìnṣọ́ránsì. Gbogbo ọdún tó fi wakọ̀ l'Ékòó láìkọlu ẹnikẹ́ni kò jẹ́ nǹkan lójú ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tuntun ni wọ́n kà á sí, àtúnṣe irú ọkọ̀ tó gbé wá sì wọ́n, nítorí náà kì í ṣe ohun ìyanu bí owó tí wọ́n bù lé e fún ọdún kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tó fi ra ọkọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ kí ọkọ̀ lè máa rìn, ọkọ̀ ń rìn kó lè dé ibi iṣẹ́. Nínú àwọn méjèèjì, ọkọ̀ nìkan ló ń gba owó-oṣù.

Iṣẹ́ yìí kò sì mọ ọjọ́ ìsinmi. Lọ́jọ́ Sátidé, iṣẹ́ ló ń gbé ọkọ̀ lọ sóde ìyàwó ní Peckham ní London, tòun ti gèlè mẹ́ta lẹ́yìn àti kúlà nínú búùtù. Lọ́jọ́ Àìkú, iṣẹ́ ló dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí gbogbo ìjọ fi jáde tán. Iṣẹ́ náà ló ń ṣe nígbà tó fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, jígí dúdú lójú nínú kùrukùru oṣù kọkànlá, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ya fọ́tò tí yóò ti dé Ìjẹ̀bú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ wo fọ́tò náà dáadáa: ó ti fi àwòrán ẹ̀rín kékeré bo nọ́ńbà ọkọ̀. Nítorí àwọn ọ̀tá ni, ó ní. Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà yìí gan-an ló yẹ kí òun fúnra rẹ̀ ti tẹ̀ sórí ojú-òpó ìjọba kó tó sanwó, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ka ìtàn MOT ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ọdún tó yege, ọdún tó fìdí rẹmi, ibi tí irin rẹ̀ ti ń dípẹtà, àti iye máìlì tí wọ́n bá lójú rẹ̀ lọ́dọọdún, tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá ti dá a padà sẹ́yìn, yóò hàn. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó lọ pàdé ẹni tó rí lórí Facebook níbi ìgbọ́kọ̀sí súpámákẹ́ẹ̀tì lálẹ́. Ó tan iná, iná tàn. Ó tan rédíò, rédíò kọrin. Ló bá sanwó. Ọmọ tó jẹ́ pé bí Ìbàdàn bá ni, yóò mú mẹkáníìkì dání, yóò fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, yóò bẹ̀rẹ̀ wo èéfín tó ń ti ìdí ọkọ̀ jáde! Ó rékọjá òkun tán, ó gbà pé Òyìnbó kì í purọ́.

Dísù ńkọ́? Ọkọ̀ dísù òde òní ní asẹ́ kan tó ń gba dúdú èéfín dúró, ìrìn gígùn tó gbóná ló sì ń jó o dànù. Ọkọ̀ "iṣẹ́" tiwa ń rin máìlì méjì lọ sílé àwọn arúgbó tí olówó rẹ̀ ń tọ́jú, ó ń rin méjì bọ̀. Asẹ́ dí, iná kan tàn níwájú rẹ̀, kò sì sí ọjà bíi Ládípọ̀ l'Ékòó níbẹ̀ tí yóò ti lọ yọ ẹ̀yà ara òkú ọkọ̀: wákàtí-wákàtí ni mẹkáníìkì ibẹ̀ ń ṣírò owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó bá gbà á nímọ̀ràn kó yọ asẹ́ náà dànù kò sọ fún un pé ọkọ̀ tí wọ́n bá yọ tirẹ̀ kò ní yege MOT mọ́. Ti Peckham náà wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ London ni òfin èéfín ti múlẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ dísù tó jáde ṣáájú oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 sì ń san pọ́n-ùn 12.50 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rìn níbẹ̀. Kò tíì náwó fún ìyàwó, ó ti náwó fún èéfín.

Ẹnìkan yóò ní kí a ṣàánú. Nílùú kéékèèké, bọ́ọ̀sì kì í tíì jáde ní ìdájí, ẹni tó sì ń tọ́jú àwọn aláìlera láti ilé dé ilé kò lè fi ẹsẹ̀ rìn ín. Òótọ́ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí wọ́n ń fi Corsa kékeré ṣe iṣẹ́ yìí nínú yìnyín, a kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà láti fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí tiwa: ẹ ní kí wọ́n mú ìwé ìnṣọ́ránsì jáde. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ lọ láti ilé oníbàárà kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ni òun ń fi í ṣe, owó rẹ̀ sì lè gbéra díẹ̀. Àwọn yẹn kọ ọ́. Akọni tiwa, tó ti sọ "iṣẹ́" fún bàbá rẹ̀, fún pásítọ̀ àti fún onílé, dé ibi kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà ti wúlò, ó kọ ọ́ pé ìgbafẹ́ àti ìlò ara ẹni ni. Òpùrọ́ ni. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù 12 ni òfin fi gbà kí ẹni tó wá gbé níbẹ̀ lo ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdánwò ló kù. Pọ́n-ùn 34 fún láísẹ́ǹsì ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bí ó bá gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 23 fún ìdánwò àkàdáhùn, 62 fún ti ojú pópó láàárín ọ̀sẹ̀: gbogbo rẹ̀ 119. Yóò ní ọjọ́ ìdánwò ṣọ̀wọ́n, òótọ́ sì ni, àwọn èèyàn ń dúró fún oṣù bíi mélòó kan. Kí ló dé tí kò fi orúkọ sílẹ̀ lóṣù tó dé? Dípò bẹ́ẹ̀, ó lọ fi orúkọ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Dartford sórí ìnṣọ́ránsì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wakọ̀ náà jù, kí owó lè wálẹ̀. Jìbìtì ni òfin ń pe èyí, obìnrin tí kò jókòó nínú ọkọ̀ náà rí ló sì ti bọ́ sínú rẹ̀. Kámẹ́rà ọlọ́pàá ń ka nọ́ńbà, ó sì ń wádìí ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì àti ẹni tí kò ní. Owó ìtanràn pọ́n-ùn 300 àti àmì ìjìyà mẹ́fà lórí ìwé ìwakọ̀ ni ti ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n sì lè wọ́ ọkọ̀ lọ.

Wọ́n tún ní owó ara rẹ̀ ló ń ná. Owó ta ni? Owó kọpẹrétíìfù ìyá rẹ̀ ni, àti ti ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ tà, èyí tí wọ́n fi náírà tó ti já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ṣẹ́ sí pọ́n-ùn. Àwa tí a wà nílé kò sì mọ́ nínú ọ̀ràn yìí, torí kí a tó bi í bóyá ó yege, a ti ń bi í bóyá ó ti ra mọ́tò.

Nítorí náà, bí ó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní Leicester, tó ní kí ẹ wọlé kí òun gbé yín, ẹ kọ́kọ́ bi í ní oṣù tó dé. Bí ó bá ti lé ní oṣù 12 tí kò sì tíì ṣèdánwò, ẹ wọ bọ́ọ̀sì.