Bọ̀dá Ẹ-Má-Pè-É-Bẹ́ẹ̀-Mọ́

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí nínú ẹbí yín, yóò wà nínú ẹbí ìyàwó. Òun ni ọkùnrin tó ti Amẹ́ríkà wá lo ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ kan délẹ̀. Ẹ ò tíì pe "òyìnbó" tán tó fi ti na àtẹ́lẹwọ́ sí yín bíi yẹ́lò fífà ní oríta Ọláìyá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́." Bó ṣe di orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n fi kó o jáde lọ́jọ́ kẹjọ kò sí lẹ́nu ẹnì kankan mọ́ ládùúgbò, àfi ìyá tó bí i.

Èmi àti òun la jọ dàgbà lójú ọ̀nà Ìbòkun, ní Òṣogbo. Àwọ̀ wo la mọ̀ nígbà náà? Àwọn Kòrà tó ń ta aṣọ, Ìbàdàn la ti ń rí wọn bí ìyá wa bá mú wa lọ sọ́jà. Òyìnbó kan ṣoṣo tó jẹ́ ti àdúgbò wa ni Àdùnní Olórìṣà. Ilẹ̀ Austria ló ti wá, Susanne Wenger ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, Òṣogbo ló sì kú sí ní 2009. Yorùbá ló ń sọ sí wa. Bí a bá pàdé rẹ̀ lọ́nà ilé ìwé, a ó kúnlẹ̀, a ó kí i, a ó sì sáré kọjá. Ohun tó ń lé wa sáré kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ o. Òrìṣà ni. Àwọn òbí wa, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, ti kì wá nílọ̀ pé ohunkóhun tó bá fún wa, ká má jẹ ẹ́.

Ọkọ tó bá a wá, Ulli Beier, ará Jámánì, tiẹ̀ kọ eré oníṣe tó fi orúkọ Ọ̀bọ́túndé Ìjímèrè sí. Òyìnbó fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ ní ọ̀bọ, àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín, ó parí. Ìgbà tí mo sọ ọ́ fún Bọ̀dá lọ́dún tó kọjá, ṣe ló gbé ife omi sílẹ̀.

Kì í ṣe pé a ò rí àwọ̀. Oríkì la fi ń ṣe. Ìyá Bọ̀dá jẹ́ apọ́nbéporé, bàbá rẹ̀ dú bíi kóró iṣin, wọ́n bí adúmáadán méjì àti Bọ̀dá, tó wà láàárín. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní fọ́ọ̀mù.

Houston ló ti kọ́kọ́ rí fọ́ọ̀mù, ní 1986. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sílé: wọ́n ní kó mú ẹ̀yà tirẹ̀, kò rí tirẹ̀ níbẹ̀, ó bá kọ "Yorùbá" síwájú ibi tí wọ́n kọ "òmíràn" sí. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì wo ojú rẹ̀, ó fa ìlà gba orí Yorùbá kọjá, ó sì bá a mú "Black". Ọmọ Òròkí ló wọ ọkọ̀ òfuurufú l'Ékòó, Black ló sọ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè pé ṣé àìsàn ni.

Bí ilé ẹjọ́ bá wà fún ọ̀rọ̀ náà, n ó jẹ́rìí gbe Bọ̀dá lórí ọjọ́ yẹn. Àmọ́ kò dúró níbẹ̀. Ní ìparí 1988, Jesse Jackson kéde fáwọn oníròyìn pé African-American ni kí wọ́n máa pe àwọn èèyàn òun. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e, Bọ̀dá ti di African-American. Ẹni tó ti ń jẹ́ Áfíríkà látọjọ́ tí wọ́n ti bí i wá ń yọ̀ pé wọ́n fi Áfíríkà dá òun lọ́lá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ bi í pé oko òwú wo ni baba ńlá tirẹ̀ ti ṣẹrú. Ó bínú. Ẹ rántí ìbínú yìí.

Látìgbà náà ló ti ń tẹ̀ wá láago bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń yí padà. Ní 2010, ó pariwo títí kirẹ́díìtì fi tán, nítorí pé "Negro" ṣì wà lórí fọ́ọ̀mù ètò ìkànìyàn wọn. Ní 2013 tí iléeṣẹ́ ìkànìyàn ní àwọn máa yọ ọ́, ó pe wá yọ̀. Ní 2016 tí Obama fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú òfin ìjọba, ó tún pè. Ní 2020, nígbà tí àwọn oníròyìn Associated Press ní B ńlá ni kí wọ́n máa fi kọ "Black", ó fi ohùn ìṣẹ́jú mọ́kànlá ránṣẹ́ sí Wọ́sáàpù ẹbí. Àǹtí mi kan gbọ́ ọ tán, ó béèrè pé ṣé A ńlá ni ká máa fi kọ adúmáadán náà.

N kò fi ìjà orúkọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí wọ́n ti fi orúkọ olówó rẹ̀ pè, tí wọ́n sì pe baba rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá wù ú kó pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó yá egbò lọ́wọ́ ẹlẹ́gbò, tó wá fi ń gba ìjókòó iwájú, ni mò ń wò.

Lọ́dún tó kọjá, ó dé nígbà ọdún Ọ̀ṣun, nínú oṣù kẹjọ, pẹ̀lú àwọn ìbejì tí ìyàwó rẹ̀ fi ṣe àbígbẹ̀yìn. Alẹ́ ọjọ́ kejì ló kó wa jọ sí pálọ̀ láti là wá lọ́yẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n ń pe èèyàn ní "coloured", èébú ni. Báyìí, "people of colour" ni wọ́n ń sọ, ọ̀wọ̀ ni. Ó gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà: èkíní, aláwọ̀; èkejì, ó rò ó, ó rò ó, aláwọ̀.

"Ta ni ò láwọ̀?" Ìyá ò gbójú sókè. "Àfi ẹran tí alápatà bá ti bó."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ìbejì jáde lọ ra búrẹ́dì. Àwọn ọmọ yẹn dú bíi bàbá bàbá wọn, wọ́n ń dán. Wọn ò tíì dé ìdí igi máńgòrò tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ya bò wọ́n: "Òyìnbó! Òyìnbó!" Wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nímú, wọ́n rí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọ̀ dé orúnkún, ìyẹn ti tó. Bọ̀dá sáré jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó dúró sáàárín títì, ó na apá tirẹ̀ mọ́ apá ọmọ kan tó gbé igbá tòmátì, ó ní kí gbogbo wọn wò ó bóyá ìyàtọ̀ wà. Wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Òyìnbó."

Táyé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, ṣebí Houston làwọn ti jẹ́ Black, ìgbà wo ló tún yí padà? Bọ̀dá, tó ní ìdáhùn sí gbogbo nǹkan, dákẹ́.

Ìyá pe àwọn ọmọ wọlé wá jẹun. "Ẹdun mi! Ẹdun méjèèjì, ẹ máa bọ̀." Mo rí ojú Bọ̀dá. Lọ́dún tó ṣáájú, ọmọ kan ní kíláàsì wọn lọ́hùn-ún ti pe Kẹ́hìndé ní ọ̀bọ, Bọ̀dá sì ti lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, ó sọ fún mi pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n débi pé òun ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó rọra kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má pè wọ́n ní ẹdun mọ́, nítorí pé ọ̀bọ ni ẹdun.

"Mo mọ̀ pé ọ̀bọ ni. Kí ni wọ́n ń fi ki ìbejì níbòmíràn, ewúrẹ́?"

N kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ọdún, ara rẹ̀ ti yá. A dúró sẹ́yìn èrò ní igbó Ọ̀ṣun, níbi tí àwọn ará Brazil kan ti wọ funfun, wọ́n ń fi Yorùbá àwọn baba ńlá kí odò. Ọ̀kan nínú wọn fúnra rẹ̀ funfun. Bọ̀dá ní olè nìyẹn, wọ́n ń jí àṣà wa. Mo bi í bó bá máa bá mi dé etí omi. Ó ní díákónì lòun. Mo fẹ́ sọ fún un pé lọ́dún 1976, nígbà tí ìjọba Brazil ní kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ àwọ̀ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n dá lé ní 130. Mo gbé e mì. Ìbá fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la tí wọ́n máa padà, a wà ní pálọ̀. Fóònù rẹ̀ dún, ìyàwó rẹ̀ ni, láti Houston. Ọ̀rọ̀ àkọ́bí wọn obìnrin ni, ó ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́. Bọ̀dá gbọ́, ó gbọ́, ó dìde.

"Akátá? Nínú ilé mi? Kò ṣeé ṣe."

Ìyá gbé orí sókè lórí àga. "Akátá báwo? Ẹran igbó?"

"Kì í ṣe ẹran, Mọ́mì. Ọmọkùnrin kan ni, ọmọ ibẹ̀."

"Òyìnbó ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dú?"

"Ó dú, mà."

"Ó dú tó bàbá rẹ?"

Bọ̀dá bo fóònù mọ́ àyà. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun lọ wo jẹnẹrétọ̀, ó jọ pé epo ti ń tán.